Àìsàn ló ṣe ọlọ́pàá, ìwé ní ó sá níbi iṣẹ́

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lé ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kì í kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn ni òun fi lé e. Ohun tí ẹ máa rí nínú ìwé ni pé ó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Nígbà tí ọlọ́pàá náà bá máa fèsì, àìsàn rẹ̀ ló máa ròyìn: bí ẹ̀yìn ṣe ń ro ó, bí kò ṣe lè dá dìde nílẹ̀, iye tó ti ná sórí oògùn. Gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ kò tíì dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Wọ́n bi í pé ta ló fún un láyè láti má wá, òun ń sọ ìdí tí kò fi wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ báyìí ti ń dà rú, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìyàsọ́tọ̀ rárá.

Fún àwa tí a ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọkọ tàbí aya lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá n'Ìbàdàn ni mo ṣe ń kọ àlàyé yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń pò pọ̀. Ọ̀kan ni bóyá ó gbàyè kó tó jókòó sílé. Òmíràn ni bóyá ara rẹ̀ ṣì lè gbé iṣẹ́ náà. Ìkẹta ni bóyá nítorí àìpé ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe hùwà sí i bí wọ́n ṣe hù ú. Ẹni tó ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, òfin tó de ọ̀kọ̀ọ̀kan náà yàtọ̀.

Ká ní sájẹ́ǹtì kan wà ní Ìyágànkú. Hilux tí wọ́n fi ń ṣe pàtírólù dojú dé lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ó fi ẹ̀yìn àti ìbàdí ṣèṣe. Wọ́n gbé e dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba n'Ìbàdàn, wọ́n tọ́jú ẹ̀, dókítà fún un ní excuse duty, ìyẹn ìwé ìsinmi àìsàn, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, kò tíì lè rìn dáadáa. Ẹbí ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun lápá Mọ́níyà. Ó wà níbẹ̀ fún oṣù méjì ààbọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń pe DPO, ọ̀gá àgọ́ rẹ̀, lórí fóònù: “Ẹ má bínú o, ọ̀gá, ara bàbá Ìbejì ò tíì yá.” DPO ń dáhùn pé, “Ọlọ́run á wò ó sàn, madam.” Ọjọ́ tó fi ọ̀pá rìn padà dé àgọ́, ó bá a pé wọ́n ti dá owó oṣù rẹ̀ dúró, orderly room, ìgbẹ́jọ́ tí àwọn ọlọ́pàá ń ṣe fún ara wọn, sì ń dúró dè é.

Ìsinmi àìsàn ní ọjọ́ tó ń parí

Excuse duty ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ṣe pé tí ìwé míì kò wọlé, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fáìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka sájẹ́ǹtì wa mọ́ àwọn tó sá. Kò sí ẹni tó máa pè é kó sọ fún un. Ní ti DPO tó ní Ọlọ́run á wò ó sàn, àdúrà ló gbà, kò fún un láyè. Bí wọ́n bá sì gbé DPO yẹn lọ sí àgọ́ míì láàárín ìgbà náà, ẹni tuntun tó dé kò mọ̀ ju ohun tó bá nínú fáìlì lọ.

Ọjọ́ mélòó ló wá tọ́ sí i? Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ọjọ́ 12 péré ni òṣìṣẹ́ lè fi ṣàìsàn pẹ̀lú owó lọ́dún. Inú Labour Act, òfin iṣẹ́, abala 16, ni wọ́n ti rí i, òótọ́ sì ni pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé lábẹ́ àdéhùn ni òfin yẹn ń bá wí. Ọlọ́pàá ní tirẹ̀: Police Act ọdún 2020, Police Regulations tó ti wà láti 1968, àti Public Service Rules, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Public Service Rules yìí fàyè gba òṣìṣẹ́ tí àìsàn ṣe ṣùgbọ́n tí kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn láti sinmi pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní pípé fún ọjọ́ 42 lápapọ̀ láàárín oṣù 12. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n wo bóyá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kò ní lè padà mọ́. Ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tún ní àyè tó gbòòrò ju ìyẹn lọ: owó oṣù rẹ̀ ní láti máa wọlé títí ìsinmi náà yóò fi parí, tàbí títí wọ́n yóò fi sọ pé àìlera ti mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá.

Ẹ rí i pé ìyẹn yí ọ̀ràn sájẹ́ǹtì wa padà. Orí iṣẹ́ ló ti fara pa. Ṣé ìwé kankan wá sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀dá ọlọ́pàá tó ń kọ ìjàǹbá ọkọ̀ tiwa sínú station diary, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àgọ́, ní gbogbo ọjọ́ ayé, tirẹ̀ ṣẹlẹ̀ tán, kò bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ tó pọ̀ tó pé kì í yà mí lẹ́nu mọ́. Ìwé pélébé tó ní ọjọ́, wákàtí, ibi tí wọ́n ń lọ àti ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ló ya ẹni tó ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣubú nílé.

Ọ̀rọ̀ bàbá tó ń to eegun yẹn nkọ́? Èmi kò ní bú ẹnikẹ́ni tó bá lọ síbẹ̀. Owó iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun tí owó oṣù sájẹ́ǹtì lè dá gbé, àwọn kan sì wà tí wọ́n rìn jáde lọ́dọ̀ àwọn bàbá yìí lẹ́sẹ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí àìsàn tí agbanisíṣẹ́ máa gbà, ọ̀dọ̀ dókítà tó ní ìforúkọsílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti wá. Bàbá Mọ́níyà kò lè kọ ọ́. Fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú pákó lẹ́sẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá máa lọ tọ́jú ara lọ́dọ̀ wọn lè lọ, kó ṣáà máa padà sí kíníìkì ìjọba lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, kí dókítà wò ó, kó sì fún un ní excuse duty tuntun kí èyí tó wà lọ́wọ́ tó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé àdúrà àti ti àwọn ààfáà, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló gbọgbẹ́. Ọlọ́pàá tó ti rí òkú púpọ̀ jù, tí kò lè sùn mọ́, tó ń gbọ́n, àwọn ẹbí rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn yẹn sínú ìwé. Wọ́n á gbé e pamọ́. Ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí ni ẹ̀sùn pé ó sá ti máa bá a.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹbí yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, àmọ́ òfin ti bo díẹ̀ níbẹ̀. National Health Act ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ àìsàn èèyàn. Ohun tí ọ̀gá nílò láti mọ̀ ni pé ara ẹni yìí kò lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ báyìí, tàbí pé kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo. Òfin tó wà fún ìlera ọpọlọ náà ti yí padà: èyí tí Ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ló gba ipò òfin àtijọ́ ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè.

DPO kì í ṣe dókítà

Ìbéèrè kejì kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá àgọ́ rárá. Bóyá ara èèyàn ṣì gbé iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ló ń sọ ọ́. Wọ́n lè ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè ní kó máa ṣe light duty: kó jókòó sídìí káńtà, kó máa bójú tó fáìlì, kó wà ní yàrá rédíò, kó máa tọ́jú àwọn ẹ̀rí tí wọ́n kó pamọ́. Wọ́n sì lè sọ pé kò lè ṣe é mọ́, kó fẹ̀yìn tì nítorí àìlera.

Ìfẹ̀yìntì nítorí àìlera yàtọ̀ pátápátá sí kí wọ́n lé èèyàn dànù. Pension Reform Act ọdún 2014 gba ẹni tí dókítà tàbí ìgbìmọ̀ dókítà ní kó fẹ̀yìn tì láàyè láti fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì pé ẹni 50 ọdún. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba, àbààwọ́n yẹn ń tẹ̀ lé e dé gbogbo ibi tó bá ti ń wáṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bí wọ́n bá fo ìgbìmọ̀ dókítà kọjá, tí wọ́n gba orderly room lọ tààrà nígbà tí ìwé àìsàn wà nínú fáìlì, ibẹ̀ gan-an ni kí lọ́yà kọ́kọ́ fọwọ́ lé.

Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo máa bá sájẹ́ǹtì wa kọ èsì query rẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀, n kò ní fi ìrora bẹ̀rẹ̀. Màá kọ ọ́ pé ní ọjọ́ báyìí, mo fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá báyìí rán mi; dókítà UCH fún mi ní ìsinmi láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí; ẹ̀dà ìwé náà nìyí; lẹ́yìn ìgbà náà ìyàwó mi pe àgọ́ ní ọjọ́ báyìí àti ọjọ́ báyìí; mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi lọ síwájú ìgbìmọ̀ dókítà kí wọ́n tó ṣe ìpinnu kankan lórí iṣẹ́ mi. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lágbára ju ojú ìwé mẹ́ta ẹ̀bẹ̀ lọ. Oṣù méjì ààbọ̀ tí kò sí ìwé kò ní tipa bẹ́ẹ̀ pòórá o. Ó ṣì lè jẹ̀bi ìyẹn, kí wọ́n sì fìyà tó mọ níwọ̀n jẹ ẹ́. Ìyà tó mọ níwọ̀n àti pípàdánù iṣẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ṣá.

Ìgbà wo ló wá di ìyàsọ́tọ̀?

Ibí yìí ni ariwo pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí ọ̀gá bá ti ni aláìsàn lára, ó ti yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo abala 42 ìwé òfin ilẹ̀ wa, tó ní kí wọ́n má ṣe ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀: ó dárúkọ ẹ̀yà, ibi tí èèyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú àti irú ìbí. Kò dárúkọ àìsàn, kò sì dárúkọ àìpé ara.

Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá hàn nínú ẹjọ́ obìnrin ọlọ́pàá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìyè-Èkìtì, tí wọ́n lé lọ́dún 2021 nítorí pé ó lóyún láì tíì lọ́kọ. Ohun tí wọ́n fi lé e wà nínú Police Regulations, nọ́ńbà 127. Ní 2024, National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ní Àkúrẹ́ wọ́gi lé ìlànà yẹn, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún un. Ọ̀rọ̀ akọ àti abo ni, abala 42 ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Sájẹ́ǹtì tí ẹ̀yìn ń dùn kò ní irú àtìlẹ́yìn yẹn.

Òfin tirẹ̀ ni èyí tí ó de ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn akàndá ẹ̀dá, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Abala kìn-ín-ní rẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ya akàndá sọ́tọ̀ nítorí àìpé ara rẹ̀, lọ́nàkọnà. Iléeṣẹ́ tó bá rú u yóò san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹnì kan ṣoṣo yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Abala 28 dárúkọ ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́. Abala 29 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí àwọn akàndá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ wo àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, kí ẹ kà wọ́n.

Ta wá ni akàndá lójú òfin yìí? Kì í ṣe ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin ń wo àìlera tó máa pẹ́ lára tàbí tí kò ní lọ mọ́, tó sì dí ìrìn, ìríran, ìgbọ́ràn, ìrònú tàbí ìgbéra lọ́wọ́. Ó tún mẹ́nu ba ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ní àìpé ara, ti ìgbà díẹ̀ tàbí ti títí láé. Nítorí náà, lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí sájẹ́ǹtì ṣèṣe, aláìsàn ni, kò tíì di akàndá. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí dókítà sì kọ ọ́ pé ìbàdí yẹn kò ní padà bọ̀ sípò, ó ti bọ́ sábẹ́ òfin 2018 nìyẹn. Ẹni tó bá dúró síbi tí kò tíì yé e bóyá aláìsàn lòun tàbí akàndá, kó bi dókítà rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn ní tààrà, kó sì ní kó kọ èsì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Kí ló fi hàn pé àìpé ara ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n ṣe? Ọ̀rọ̀ ẹnu wà: bí ọ̀gá bá sọ lójú èèyàn pé “arọ kò lè ṣe ọlọ́pàá,” ẹ̀rí ńlá nìyẹn bí ẹni tó gbọ́ ọ bá lè jẹ́rìí. Ìfiwéra wà: ẹnì kan tí kò wá síbi iṣẹ́ fún iye ọjọ́ kan náà nítorí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, tí wọ́n kìlọ̀ fún lásán, àmọ́ tí wọ́n lé eléyìí. Àkókò náà máa ń sọ̀rọ̀, bíi kí lẹ́tà ìdádúró jáde lọ́sẹ̀ tí dókítà kọ light duty. Ti ìgbékiri ni mo máa ń ṣọ́ra fún. Wọ́n ń gbé ọlọ́pàá káàkiri lójoojúmọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀tẹ̀. Kí wọ́n gbé ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lọ sẹ́nu ibodè tí kò sí ilé ìwòsàn nítòsí, lẹ́yìn tí ìwé dókítà ti wà nínú fáìlì, ìyẹn gba àlàyé.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń fi fídíò ránṣẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kí wọ́n jọ wá ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni, òfin wọn ọdún 1990 ló mú ìyẹn wá. Òfin ọdún 1993 sì fún ẹni tó bá yẹ ní ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi, àmọ́ láìsí owó, ohun tí fídíò kì í sọ. Lọ́yà lè rí irú ọ̀rọ̀ kan náà fà yọ níbí, torí Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ní 2010, abala 254C ìwé òfin wa sì gba National Industrial Court láàyè láti lo àdéhùn àgbáyé tí a ti fọwọ́ sí lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ẹjọ́ tó tún wù mí kí ọlọ́pàá wa gbọ́ ni ti Coffey, ní Ìlú Ọba. Obìnrin ọlọ́pàá ni, etí rẹ̀ dín díẹ̀ sí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà ní Wiltshire. Ní 2013 ó fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ sí Norfolk. Ọ̀gá kan ní Norfolk kọ̀ ọ́, ó ní bó bá yá kò ní lè ṣe iṣẹ́ ìta mọ́. Obìnrin yìí kì í ṣe akàndá, òun fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé òun jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní 2019, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre: fífojú akàndá wo ẹni tí kì í ṣe akàndá, kí wọ́n sì tìtorí ìyẹn dù ú níṣẹ́, ìyàsọ́tọ̀ náà ni. Òfin tiwọn ni o, kò de kóòtù wa. Lọ́yà lè kàn fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ

Ọlọ́pàá kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Trade Unions Act, abala 11, kò gbà á láàyè. Nítorí náà kò sí alága ẹgbẹ́ tó máa bá a lọ sí Ẹlẹ́yẹlé lọ rí kọmíṣọ́nà. Ohun tó ní ni ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Police Service Commission (PSC), àjọ tí ìwé òfin ilẹ̀ wa fún lágbára láti gbani síṣẹ́ ọlọ́pàá, láti fìyà jẹ wọ́n àti láti lé wọn, yàtọ̀ sí ọ̀gá àgbà pátápátá. Ó lè kọ̀wé sí àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àti sí àjọ àwọn akàndá tí òfin 2018 dá sílẹ̀. Legal Aid Council sì wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Kóòtù tó ni ẹjọ́ náà ni National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn níbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín lọ sí kóòtù kọ́sítọ́márì tàbí ti májísíréètì. Àǹfààní ńlá kan wà tí ọlọ́pàá ní tí máígáàdì Bódìjà kò ní: òfin fúnra rẹ̀ ló di iṣẹ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà ẹjọ́ Shitta-Bey ní 1981 àti ti Olaniyan pẹ̀lú Yunifásítì Èkó ní 1985 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé ẹni tí òfin di iṣẹ́ rẹ̀ mú, bí wọn kò bá tẹ̀ lé ìlànà kí wọ́n tó lé e, kóòtù lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Máígáàdì tí iléeṣẹ́ aládàáni gbà, bó bá tilẹ̀ jàre, owó ló sábà máa ń gbà, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Àkókò ni kí ẹ máa fojú sí jù. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tó ní oṣù mẹ́ta péré ni èèyàn ní láti pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé kò kan àdéhùn iṣẹ́. Síbẹ̀ àwọn lọ́yà ìjọba ṣì máa ń gbé e dìde, a sì lè fi ọdún kan jiyàn lórí rẹ̀ kí ẹjọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ kóòtù kí oṣù mẹ́ta tó pé ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn fi ránṣẹ́ sí Àbújá kì í dá ọjọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá jókòó, wọ́n ń retí èsì PSC, ọjọ́ ń lọ. Kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà, gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì rí lọ́yà lọ́sẹ̀ kan náà.